Àyẹ̀wò Ara Alhaji Làtífù

Kò sí ohun tó ń jáde lára èèyàn tó lè kó Kàfáyàt nírìíra. Ìgbẹ́, ìtọ̀, èébì, gbogbo rẹ̀ ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù rí, tí yóò fọ ọwọ́ náà, tí yóò sì fi í jẹ ẹ̀bà láì ṣe fínnífínní. Lára ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìkòròdú ló ti kọ́ iṣẹ́ náà láì mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Nígbà tí ìyá àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn, gbogbo ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ní nǹkan tí wọ́n ń lépa, ọmọ-ọmọ nìkan ló ráàyè. Bí ẹ bá fẹ́ kí Kàfáyàt yínmú, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ fún un. Ẹ sọ̀rọ̀ àwọn tó wọ aṣọ funfun, tí wọ́n fín lọ́fínńdà, tí wọ́n wá jókòó lórí àga olóríire láti wádìí bóyá aláìsàn ń purọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ wẹ́fíà, àwọn tó ń pín owó ìtọ́jú aláìsàn nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò.

Ọdún tí ogun Kuwait parí ló dé Dubai. Bàtà àti aago ọwọ́ ló wá rà fún ọjà Èkó. Ó rà á lẹ́ẹ̀kan, ó jèrè. Ó rà á lẹ́ẹ̀kejì, ó jèrè. Ìgbà kẹta ni omi òkun wọ inú kọ̀ńténà, bàtà wú, ó bu, kò sí ẹni tó lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ojú tì í láti padà sílé lọ́wọ́ òfo, ó bá gba bedspace, ààyè bẹ́ẹ̀dì kan péré, ní Rolla ní Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà, nínú yàrá kan tí òun àti Ganiat ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn obìnrin mìíràn ń gbé, ó ń se oúnjẹ fún àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti Èkó. Ibi tó ti ń gbé oúnjẹ kiri ló ti pàdé Alhaji Làtífù ní àdúgbò Hor Al Anz ní Dubai.

Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń ná ọjà Deira ní Dubai láyé ìgbà yẹn tí kò mọ Alhaji Làtífù. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí èèyàn bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, tí kò mọ ibi tí yóò sùn, ì báà ṣe Mùsùlùmí, ì báà ṣe Kìrìsìtẹ́nì, yàrá Alhaji ni wọ́n ń júwe fún un. Yóò fún un ní ẹní, yóò fún un ní tíì, ní àárọ̀ yóò mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn Íńdíà tó ń tajà lówó pọ́ọ́kú. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Olúṣẹ̀san tó wá di alága wẹ́fíà lẹ́yìn ọ̀la, orí ẹní Alhaji ló sùn sí nígbà tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló dá Alhaji wó. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ nílé, ó kọ̀. Ó ní wọn ò ní gbé òun sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà lójú gbogbo ayé bí ẹrù tó fọ́ lójú ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ òun kọ́kọ́ le ná. Ikú yá ju ẹ̀sín, bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Lárúbáwá tó ṣe visa fún un láti ọjọ́ pípẹ́ kò lé e kúrò nínú yàrá. Èyí tó kù di ọwọ́ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ní àpò kan tí ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó máa ń dá nǹkan sí, nítorí ọjọ́ àìsàn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ra àga onítáyà fún Alhaji, nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sanwó fún Kàfáyàt pé kó máa tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó tọ́jú rẹ̀. Yóò wọ ọkọ̀ láti Rolla ní àárọ̀, yóò wẹ̀ ẹ́, yóò pààrọ̀ aṣọ ìbùsùn, yóò fún un lóúnjẹ, yóò fi àga náà tì í jáde lọ síbi tí oòrùn ti ń yọ lẹ́bàá mọ́sálásí. Rọ́bà apá àga náà já, ó fi àkísà àdìrẹ rẹ̀ kan wé e kí irin má bàa máa gún bàbá. Ní gbogbo àárọ̀, bó bá ti kúnlẹ̀ tó ní, "Alhaji, ṣé dáadáa lẹ jí?" bàbá yóò ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Àwọn àárọ̀ kan wà tó jẹ́ pé inú ìtọ̀ ló ti ń dúpẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n yan Olúṣẹ̀san ní alága wẹ́fíà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń di ẹrù ní Al Baraha, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó ti gbé London rí. Ó sọ fún ẹgbẹ́ pé ní London, àwọn kaúńsù tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera kì í kàn fún èèyàn ní nǹkan kí wọ́n lọ sùn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń yá, wọ́n á dín tirẹ̀ kù, kí ó lè kan ẹni tó kù. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sì burú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àpò ẹgbẹ́ kì í ṣe òkun. Àmọ́ ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n dá fún àyẹ̀wò Alhaji. Láti àárọ̀ ni inú bàbá ti ń dùn. Gbogbo ìgbà tí Kàfáyàt sọ pé àyẹ̀wò ni, àlejò ni Alhaji gbọ́.

"Kàfáyàt, gbé àga yẹn wọ kíṣìnì."

"Alhaji, àga yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ wá wò, sà."

"Ṣé inú rẹ̀ ni kí àlejò ti wá bá mi? Olúṣẹ̀san? Ọmọ tó sùn sórí ẹní mi? Gbé e wọlé."

Ó gbé e wọlé. Ó wẹ bàbá, ó wọ jalamíà funfun fún un, ó dé e ní fìlà, ó fín in ní lọ́fínńdà. Ó gbé e jókòó sórí àga lásán, ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kó má bàa wó. Ọwọ́ òsì tó ti kú, ó gbé e lé orúnkún, ó fi tẹ̀sùbáà há a níka. Ẹni tó bá yọjú yóò rò pé bàbá ń ṣe àsíkìrí. Ẹwà ni Kàfáyàt ṣe lọ́jọ́ náà, kò mọ̀ pé ẹjọ́ ló ń bà jẹ́.

Olúṣẹ̀san àti obìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, Adétutù, ni wọ́n wá. Olúṣẹ̀san tẹ̀ díẹ̀, ó fi orí ìka kan ilẹ̀, èyí tí àwọn olówó tuntun ń pè ní ìdọ̀bálẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n mu Fẹ́ńtà.

"Alhaji, ẹ má bínú sí wa o, just routine. A kàn ní ká wá bi yín ní nǹkan díẹ̀. Ṣé ara ti ń le?"

"Alhamdulillahi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ìwẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń dá wẹ̀?"

"Ọlọ́run ń ràn wá lọ́wọ́."

Adétutù kọ ọ́ sílẹ̀.

"Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ yín lẹ fi ń jẹ ẹ́?"

"Ọwọ́ ta ni kí n tún wá fi jẹun?" Bàbá rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́, sà?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ ṣáà máa bá wa dúpẹ́."

"So, kò sí ìṣòro kankan?"

"Kò sí èyí tó ju agbára Ọlọ́run lọ."

Ẹ gbọ́, ta ni wọ́n bí nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ irú ìdáhùn yìí? Ẹni tí ilé rẹ̀ jóná láàárọ̀, bí ẹ bá kí i lọ́sàn-án pé ṣé àlàáfíà ni, a dúpẹ́ ni yóò wí. Ẹni tó ń rọ́jú kú lọ ń dúpẹ́. Àgbàlagbà kì í tú àṣírí ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni tó ti bọ́ rí, pàápàá níwájú obìnrin. Olúṣẹ̀san mọ̀. Ilé tó kún fún "a dúpẹ́" ni wọ́n ti tọ́ òun náà. Àmọ́ ó gbọ́ ọ bí òyìnbó, nítorí pé gbígbọ́ ọ bí òyìnbó ló ṣe é láǹfààní.

Adétutù yíjú sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. "Sísítà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ahọ́n ń yún Kàfáyàt. Ṣùgbọ́n Alhaji wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ojú tí bàbá fi ń bẹ ọmọ. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í já àgbà nírọ́ lójú àlejò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Alhaji ní dandan ni kí òun sin wọ́n. Ó di ọ̀pá mú, ó ṣe gìrì, ó dìde. Ó dúró tó ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè ṣẹ́jú. Olúṣẹ̀san pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó, Alhaji ti dìde! Mashallah." Bí ilẹ̀kùn ti sé, bàbá wó lulẹ̀, ìtọ̀ sì gba gbogbo ara jalamíà funfun. Kàfáyàt kúnlẹ̀, ó ń nù ún. Alhaji ní, "Wọ́n mà ṣeun o, tí wọ́n wá kí mi."

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn Pàtání méjì, alágbàárù ará Pakistan, gbé píkọ̀ọ̀pù dé. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ní kí àwọn wá gbé àga onítáyà, pé ẹni tó nílò rẹ̀ jù wà. Wọ́n ní kí Kàfáyàt máa wá lẹ́ẹ̀méjì péré lọ́sẹ̀, nítorí Alhaji ti ń dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Alhaji ní kí wọ́n gbé e, ó ní kí ó wúlò fún ẹni tó ń jìyà. Ó tún ṣàdúrà fún wọn.

Kàfáyàt wá iṣẹ́ dídi ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ní Al Baraha kó lè rówó bedspace san. Ní àwọn ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ tirẹ̀, yóò yà lọ́dọ̀ bàbá kó tó lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó rán an, kò sí ẹni tó san án fún un. Ó rí bí ẹ̀yìn bàbá ṣe ń bó. Ó rí orúnkún tó fi ń wọ́ lọ sí ilé ìtọ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bá a nílẹ̀ ilé ìwẹ̀, ètè gbẹ, omi ẹ̀rọ ń dà sínú abọ́ ìfọwọ́ lókè orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

"Alhaji, látìgbà wo?"

"Mo ní kí n sinmi díẹ̀ ni."

Ọjọ́ náà ló lọ bá Olúṣẹ̀san ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín páálí ẹrù.

"Brọ̀dá, Alhaji ń kú lọ. Ẹ dákun, ẹ dá àga yẹn padà."

"Kàfáyàt, ìwọ náà wà níbẹ̀ now. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. They said no problem. Ìwọ gan-an ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí n wá pe àgbà nírọ́ ni?"

"Brọ̀dá, ìkíni lẹ kí wọn, wọ́n sì jẹ́ yín."

"Ìbéèrè ni mo bi wọ́n. Ó di àyẹ̀wò ọdún tó ń bọ̀. Khalas, ó parí."

Ó ń fi ìpákò sọ èyí tó gbẹ̀yìn, ó ti ń ka páálí. Òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ bá Kàfáyàt délé. Ó ní ó ń rí òun lára.

Kò tíì rí nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń gba ọjà Naif kọjá pẹ̀lú Ganiat, ó sì rí àga onítáyà kan tó ń bọ̀ láàárín èrò. Àkísà àdìrẹ Kàfáyàt ṣì wà lára apá rẹ̀. Léèsì ni wọ́n tò sínú rẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú abọ́ aláràbarà àti kúlà kan. Ọmọkùnrin Bàǹgílà kan, ará Bangladesh, ló ń tì í. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá ìyàwó Olúṣẹ̀san, tó wá fi visa ìbẹ̀wò ná ọjà láti Èkó, ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn bọ̀, ó ń yan bí ọ̀gá ọjà. Ìyá náà rí Kàfáyàt tó ń wo àga, ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ọkọ ọmọ mi ló wá a fún mi o. Tó bá rẹ̀ mí, kí n jókòó. Kò tíì rẹ̀ mí."

Ìyá tó kọ́ Kàfáyàt nílé kọ́ ọ pé obìnrin kì í tutọ́ sílẹ̀. Itọ́ kún un lẹ́nu. Ó fẹ́ gbé e mì, ó korò, ó dé igun òpópónà, ó tu gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ganiat di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. "Yé e, má jẹ́ kí wọ́n pa ẹ́ sí ìlú onílùú. Ṣé o mọ nǹkan tí wàá ṣe? Jẹ́ kí wọ́n wá wo Alhaji lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń bọ̀, má wẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n bá a bó ṣe wà."

"Ojú á ti Alhaji kú."

"Tí ojú ò bá tì wọ́n, ilé ìwẹ̀ á pa wọ́n."

Kàfáyàt kò lọ sọ́dọ̀ Olúṣẹ̀san mọ́. Adétutù ló lọ bá. Adétutù kì í ṣe èèyàn burúkú, irú àwọn èèyàn tó jẹ́ pé ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ni wọ́n ń yí sí ni. Ó ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ." Nígbà tó gbọ́ nípa léèsì tó ń gun àga ní Naif, ó ní, "Mo máa mú alága wá ní Jímọ̀. Tí mo bá rí nǹkan mìíràn, mo máa kọ nǹkan mìíràn."

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Kàfáyàt sọ fún Alhaji pé ìgbìmọ̀ tún ń bọ̀. Inú bàbá dùn. Ó ti yàgbẹ́ sára, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Tètè wẹ̀ mí. Jalamíà funfun ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀, sà."

Ó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Ó gbọ́ nígbà tí bàbá pè é. "Kàfáyàt." Alhaji kì í pariwo pe ọmọ ọlọ́mọ. "Kàfáyàt, omi náà ńkọ́?" Ó ṣe díẹ̀. "Ọmọ mi, wọ́n máa tó dé o." Ó gbọ́ gbì nílẹ̀. Ó gbọ́ ohun tó ń wọ́. Ó fi eyín di ètè mú, kò dìde. Lọ́kàn rẹ̀ ó ń bú Olúṣẹ̀san, ó ń bú London, ó ń bú àpò ẹgbẹ́, ó ń bú ara rẹ̀.

Olúṣẹ̀san àti Adétutù gun àtẹ̀gùn dé. Kàfáyàt ṣílẹ̀kùn fún wọn láì sọ̀rọ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ kí wọn. Olúṣẹ̀san fa háńkáṣíìfù yọ, ó fi bo imú. Alhaji Làtífù wà nílẹ̀, ní agbedeméjì bẹ́ẹ̀dì àti bókẹ́ẹ̀tì omi, ìgbẹ́ dé itan rẹ̀, egbò ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Fìlà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ti ń gbìyànjú láti dé e.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ẹ jókòó."

Kò sẹ́ni tó jókòó. Adétutù bú sẹ́kún. Olúṣẹ̀san ní, "Alhaji, ṣé ara…" kò lè parí rẹ̀. Bàbá kò wò ó. Kàfáyàt ló ń wò, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ nínú ojú náà mọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, píkọ̀ọ̀pù ti gbé àga padà. Wọ́n dá iṣẹ́ Kàfáyàt padà sí ojoojúmọ́, wọ́n fi tìmùtìmù tuntun kún un. Olúṣẹ̀san gan-an ń sọ ọ́ káàkiri Deira pé àyẹ̀wò tí òun dá sílẹ̀ ti ṣiṣẹ́, pé bí kì í bá ṣe àyẹ̀wò, ta ni ì bá mọ̀? Àwọn èèyàn tún pàtẹ́wọ́ fún un. Fọ́nrán léèsì ṣì lọ́ mọ́ táyà àga náà, Kàfáyàt fi síísọ̀sì gé e kúrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé omi gbígbóná wọlé, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀.

"Alhaji, ẹ kú àárọ̀, sà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Bàbá kọjú sí ògiri.

"Rárá," ló wí. "Mi ò jí dáadáa. Apá òsì mi ti kú. Mi ò lè dá wẹ̀. Mi ò lè dá jẹun. Mo tọ̀ sára. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀."

Kàfáyàt ki aṣọ bọ omi, ó fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tó ti ń wọ inú yàrá yẹn, ọjọ́ náà ni ohun tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ kó o nírìíra. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni, èyí tó fi di orúnkún mú lórí àtẹ̀gùn.